Àbọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Ṣètò: Ìrìn Àjò Láti Òde Màhìn Dé Argungu

(Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn ará etí omi)

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa ní Òde Màhìn, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Igbókòdá, ní Ugbó, ní Ayétòrò, ní Ugbónlà, àti gbogbo ẹ̀yin ará Ìlàjẹ níbi yòówù tí ẹ bá ti ń gbóhùn mi, ẹni tó bá ń tún àwọ̀n ṣe lọ́wọ́, kó má wulẹ̀ dáwọ́ dúró. Kó sáà máa fetí sí mi.

Ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Láàárín àwọn apẹja wa, àwọn ọ̀dọ́ pàápàá, ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ́ pé ó wu àwọn láti fojú ara àwọn rí ọdún ẹja pípa tó wà ní Argungu, ní ìpínlẹ̀ Kebbi, ní ìkángun Òkè Ọya lọ́hùn-ún. Wọ́n fẹ́ kó ara wọn jọ, kí wọ́n háyà bọ́ọ̀sì kan, kí wọ́n kó ẹní àti ìkòkò sínú rẹ̀, kí wọ́n máa jẹ kí wọ́n máa sùn lọ́nà títí wọn yóò fi débẹ̀, tí wọn yóò sì fi padà. Èrò tó dára ni, mo sì fẹ́ kó ṣeé ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ gba ohun kan yìí lẹ́nu mi: àbọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò, kí ẹ tó ṣètò àlọ.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀ jù mí lọ. Apẹja tó fẹ́ wọ òkun kì í ka epo tó máa gbé òun dé ibi tí ẹja wà nìkan. Ohun tó máa ń bi ara rẹ̀ ni pé, bí atẹ́gùn bá yí padà, bí ìgbì bá ga, bí ẹ́ńjìnnì bá kú sójú omi, ǹjẹ́ epo tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yìí á gbé òun dé èbúté? Ìdá kan fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tí ojú kò rí tẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni mo fẹ́ ká gbé gun orí ilẹ̀, ká sì fi wọn ọjọ́, owó, ọkọ̀ àti ara wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń lọ wò. Lọ́dún 1934 ni Sultan Sókótó ìgbà náà, Hassan Dan Mu'azu, lọ kí àwọn ará Argungu nílùú wọn. Sókótó àti Kebbi ti bá ara wọn jagun fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà náà. Àlejò yẹn dé, wọ́n fi ẹja pípa yẹ́ ẹ sí, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ìjà ti tán. Láti ìgbà náà ni ọdún ẹja Argungu ti di ohun tí tilé-toko ń wá wò. Ní 2016, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ọmọ aráyé.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n máa ń fi ṣe é. Wọ́n á ja gídígbò, wọ́n á ja ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní dambe, wọ́n á figa gbága lórí omi, wọ́n á jó, wọ́n á lùlù. Àṣekágbá rẹ̀ ni ẹja pípa nínú odò Matan Fada. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin á tò sí etí odò, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ńlá kan. Akèrègbè yìí ni ọkọ̀ wọn: apẹja á gbé àyà lé e kó má bàa rì, ẹja tó bá sì kó, inú rẹ̀ ló ń jù ú sí. Ìbọn á dún, gbogbo wọn á bẹ́ sómi lẹ́ẹ̀kan náà. Omi á dàrú, orí ènìyàn á pọ̀ ju omi lọ. Kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ, ó parí. Ẹni tí ẹja rẹ̀ bá wúwo jù ló gba ẹ̀bùn. Ẹja tó gbé ipò kìíní ní 2020 wọn kílò 78, láìsí ẹ́ńjìnnì, láìsí àwọ̀n ńlá.

Síbẹ̀, ohun tó yẹ kó gbé ọmọ Ìlàjẹ débẹ̀ ju èyí lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn sọ àwọ̀n sínú odò yẹn nígbà tó bá wù ú. Wọ́n ń fòfin dè é títí di ọjọ́ ọdún. Ìdílé Sarkin Ruwa ló ń bójú tó omi, Homa sì ni olórí àwọn apẹja; àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń pẹja nílànà àtijọ́, àwọn náà ló sì ń rí i pé odò kò bàjẹ́. Àwa tí a ń ráhùn pé ẹja kò pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ létí omi wa, ó yẹ ká jókòó tì wọ́n ká béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn. Báwo lẹ ṣe ń mú ará ìlú gbà láti fi odò tó kún fún ẹja sílẹ̀? Ta ló ń ṣọ́ ọ lóru? Kí lẹ máa ń ṣe fún ẹni tó bá rú òfin rẹ̀? Ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí tó owó ọkọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́, ká sì kà á láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú.

Ẹ kọ ọjọ́ tó di dandan kí gbogbo èrò ọkọ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ìwọlé ilé ìwé, ó lè jẹ́ ọjọ́ ọjà Igbókòdá. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ yọ ọjọ́ kan kúrò fún ìsinmi, kí ẹ yọ ọjọ́ kan fún ìdíwọ́. Ẹ yọ ọjọ́ mẹ́ta fún àbọ̀, mẹ́rin fún ọdún, mẹ́ta fún àlọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 12. Bí ẹ kò bá rí ọjọ́ 12, ẹ jẹ́ ó di ẹ̀ẹ̀mí-ìn, tàbí kí ẹ gé iye ọjọ́ tí ẹ máa lò ní Argungu kù. Ẹ má fọwọ́ kan ọjọ́ àbọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń fún ọjọ́ pọ̀ ni awakọ̀ ti ń fi òru rìn.

Ìparí oṣù kejì sí oṣù kẹta ni wọ́n sábà máa ń ṣe ọdún náà, ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ Kebbi ló ń kéde ọjọ́ gan-an. Ẹ dúró de ìkéde yẹn kí ẹ tó san owó ọkọ̀. Ó tó bí ọdún mẹ́wàá tí wọn kò fi ṣe é rárá nítorí àìsí ààbò, kó tó di pé wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 2020. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ààwẹ̀ pẹ̀lú. Ọdọọdún ni Ramadan ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti èṣí lọ, ó sì ti ń bọ́ sí oṣù kejì àti oṣù kẹta lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí. Bí ìrìn yín bá bọ́ sínú ààwẹ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ lọ́nà kò ní ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án, kò sì yẹ kí àlejò jókòó sí gbangba kó máa jẹun lójú ẹni tí ń gbààwẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló kàn. Láti Òde Màhìn, ẹ bọ́ sí Igbókòdá, ẹ gba Òkìtìpupa dé Orè. Ní Orè, ẹ sọdá títì Èkó sí Benin, ẹ kọjú sí Oǹdó, Ilé-Ifẹ̀, Òṣogbo, Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ wá sùn ní Ìlọrin. Ìyẹn ni ọjọ́ kìíní, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 350. Ọjọ́ kejì, láti Ìlọrin dé Jẹ́bà, ẹ sọdá odò Ọya, ẹ gba Mokwa, ẹ sùn ní Kontagora. Nǹkan bíi kìlómítà 290. Ọjọ́ kẹta, ẹ gba Yauri, Koko àti Jega wọ Birnin Kebbi. Nǹkan bíi 300. Argungu kù bíi 50 sí i. Ẹ fojú bù ú sí kìlómítà 1,000 ní àlọ, 2,000 ní àlọ àti àbọ̀.

Ọ̀nà yìí fúnra rẹ̀ jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ní Jẹ́bà, ẹ ó rí afárá ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣí ní 1916, tó so gúúsù mọ́ àríwá kí ẹnikẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Yauri wà létí adágún Kainji. Ìsédò tí wọ́n parí ní 1968 ló mú kí odò Ọya kún rẹrẹ síbẹ̀. Omi bo ìlú Bussa àtijọ́ mọ́lẹ̀, ìjọba sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní New Bussa. Òkun ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwa náà ní Ayétòrò, ilé ń wó, ojú oórì àwọn bàbá wa ń wọ omi. Ó yẹ kí a mọ ohun tójú ìlú tó ti ṣí kúrò fún omi rí kó tó dúró dáadáa. Bí ẹ bá rí àgbàlagbà kan ní Yauri tó mọ ìtàn náà, ẹ fún un ní wákàtí kan nínú ọjọ́ yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ewu, n kò sì ní fi í pa mọ́ fún yín. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2021, àwọn agbébọn jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ gbé ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Birnin Yauri. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n tún jí àwọn ọmọbìnrin gbé nílé ìwé ní Maga, ní ìpínlẹ̀ Kebbi kan náà. Omi náà ti ṣọṣẹ́ lọ́nà yìí: ní ìparí oṣù karùn-ún 2025, àgbàrá òjò ya wọ Mokwa, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní 150. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò séwu, ẹ má bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣètò ibi tí a ti máa yí padà. Ìlọrin ni kí ẹ fi ṣe ibẹ̀. Nígbà tí ẹ bá débẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, kí ẹni méjì lọ sí gáréèjì tí ọkọ̀ Kontagora àti Sókótó ti ń gbéra, kí wọ́n bi àwọn awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé léèrè: ọ̀nà wo lẹ gbà lónìí? Aago mélòó lẹ kọjá? Níbo ni ẹ kì í ti í dúró? Afárá wo ni kò dáa? Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Bí ẹnu wọn kò bá kò, tàbí tí ìròyìn burúkú wà, ẹ sùn, kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ sì forí lé ilé. Kí ẹ tó kúrò ní Òde Màhìn ni kí ẹ ti yan ẹnì kan ṣoṣo tó ní àṣẹ láti sọ pé ó tó, kí gbogbo èrò sì ti gbà níwájú ẹbí pé bí ó bá ti sọ ọ́, àríyànjiyàn parí. Àgbàlagbà tí kò bẹ̀rù pé wọ́n á pe òun ní ojo ni kí ẹ fún ní ipò yẹn. Kò sí ìtìjú nínú kí a padà láti Ìlọrin. A ti rí Ifẹ̀, a ti rí Òṣogbo, ẹ̀mí wa sì pé.

Ẹni tó bá di dandan fún láti débẹ̀ nígbà tí ọ̀nà kò dára, ọkọ̀ òfuurufú ń gbé èrò láti Àbújá lọ sí Sókótó, Argungu kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 100 lọ sí Sókótó. Owó rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kí èèyàn méjì tí ẹgbẹ́ rán lọ kí wọ́n sì padà wá ròyìn sàn ju kí gbogbo èrò bọ́ọ̀sì wà nínú ewu lọ.

Bí ọ̀nà bá dára, òfin méjì ni kí ẹ má rú. Àkọ́kọ́, kí oòrùn tó wọ̀, kí ọkọ̀ ti dúró. Ẹ gbéra láàárọ̀ kùtù nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, kó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí ẹ ti wà níbi tí ẹ máa sùn. Èkejì, kí awakọ̀ jẹ́ méjì, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má wa ọkọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ láìsinmi. Á ti rẹ awakọ̀ tó wà yín lọ kí ọdún tó parí. Òun náà ló máa wà yín bọ̀. Ẹ jẹ́ kó sùn ní Argungu. Ẹ má máa fi í rán níṣẹ́ káàkiri ìlú.

Nípa ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àwa ará etí òkun ní ìṣòro kan tí àwọn ará òkè kò ní. Atẹ́gùn oníyọ̀ ń jẹ irin. Bọ́ọ̀sì lè dán lókè kí irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì gbé e sókè, kó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀, kó fọwọ́ tọ páìpù bíréèkì látòkè délẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń jẹ irin láìsí ariwo.

Ẹ wá wo táyà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi àkísà nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí ẹ ó fi rí ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń gbẹ̀yìn ìlà yẹn. Méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn jẹ́ ọdún. Bó bá jẹ́ 2322, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022 ni wọ́n ṣe táyà náà. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń kìlọ̀ pé kí a má lo táyà tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì jọ tuntun tó. Ẹ wo gbogbo rẹ̀, títí kan sìpíà. Ní òwúrọ̀, nígbà tí táyà tutù, ni kí ẹ wọn atẹ́gùn inú rẹ̀. Bó bá ti gbóná lọ́nà, ẹ má yọ atẹ́gùn rẹ̀ kúrò rárá: táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó ló ń yára gbóná, òun ló sì ń bẹ́. Títì Kebbi lóṣù kẹta gbóná ju ohunkóhun tí táyà yín ti rí ní Ìlàjẹ lọ. Ẹ má sì ṣí rédíétọ̀ nígbà tó bá ń hó. Ẹ dúró síbi òjìji, ẹ jẹ́ kó tutù.

Ọ̀rọ̀ epo jẹ́ ìṣirò. Bí bọ́ọ̀sì yín bá ń fi lítà kan rin kìlómítà 7, kìlómítà 1,000 á jẹ lítà 143. Lítà 143 fún àlọ, 143 fún àbọ̀, 143 fún ìdá kẹta: ọ̀nà tó ṣẹ́ kọ́nà, ìrìn láàárín Argungu, àti owó epo tó máa ń ga bí a ṣe ń jìnnà sí etí òkun. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 429. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta lítà kan ní Igbókòdá lọ́sẹ̀ tí ẹ máa lọ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí owó epo yín. Owó yẹn ni kí ẹ gbé dání. Ẹ má ṣe di epo sínú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ gbé e sínú bọ́ọ̀sì tí èèyàn ń sùn. Bí ìdajì táńkì bá ti tán, ẹ yà sílé epo.

Ní ti owó àbọ̀, ẹ kà á lọ́tọ̀, ẹ dì í, kí ẹ sì fi sọ́wọ́ ìyá kan nínú èrò tí gbogbo yín mọ̀ pé kì í gba gbẹ̀rẹ́. Kò gbọdọ̀ tú u títí bọ́ọ̀sì yóò fi kọjú sí gúúsù. Ọjà Argungu máa kún nígbà ọdún. Awọ wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, àlùbọ́sà Kebbi wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti ná tirẹ̀ tán kò gbọdọ̀ ná ti ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ara. Ní ọ̀dọ̀ wa, atẹ́gùn máa ń tutù nini, òjò kì í jìnnà. Lóṣù kẹta ní Kebbi, oòrùn ọ̀sán lè tó ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò sì ní sí òjò títí di oṣù karùn-ún. Ètè á sán, imú á gbẹ, ẹ kò sì ní rí òógùn lára yín, torí kíá ló ń gbẹ. Nítorí náà, ẹ má dúró de òǹgbẹ kí ẹ tó mu omi. Ẹ gbé omi mímu tó pọ̀, ẹ mú òrí fún ètè àti ẹsẹ̀.

Àìsàn kan tún wà tó ń jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lókè lọ́hùn-ún: yírùnyírùn. Ó jà ní Kebbi ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ó sì pa èèyàn. Ibà líle, orí fífọ́, ọrùn tó le gbagidi, ojú tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, àmì rẹ̀ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún un. Ẹ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn, kí ẹ sì gbà á ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbéra, nítorí ara nílò àkókò kí agbára rẹ̀ tó jí. Àbọ̀ wà nínú èyí pẹ̀lú. Bí ibà bá mú ẹnikẹ́ni nínú yín láàárín ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ bá dé, ẹ má lọ ra oògùn ibà lásán. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé Kebbi ni ẹ ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan lè gba ẹ̀mí là.

Oúnjẹ kò ní ṣòro fún ọmọ Ìlàjẹ. Pùpùrù wa kì í tètè bàjẹ́, òun àti gààrí, ẹja gbígbẹ, edé àti epo pupa yóò gbé yín lọ, yóò sì gbé yín bọ̀. Ẹ pín in sí àpò méjì láti ilé, ti àlọ àti ti àbọ̀. Ẹ fi díẹ̀ lára ẹja gbígbẹ yẹn ṣe ẹ̀bùn fún àwọn apẹja Argungu. Apẹja kì í fi ọwọ́ òfo kí apẹja.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ògógóró sílẹ̀ nílé. Òfin Ṣàríà wà ní Kebbi, ọtí sì lè gbé gbogbo èrò ọkọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ wọ aṣọ tó bora. Ẹ kí àgbà kí ẹ tó béèrè ọ̀nà. Ẹ gbàyè kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ sùn nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má sùn sẹ́bàá títì. Ẹ wá ọgbà tó ní géètì, ti ilé ìtura, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ilé epo ńlá, kí ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó sùn, nítorí èéfín rẹ̀ lè pa èèyàn lójú oorun. Yorùbá wà ní Birnin Kebbi, wọ́n wà ní Sókótó, wọ́n sì ní olórí tí gbogbo wọn ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ ránṣẹ́ sí wọn ṣáájú. Ẹni tó mọ ìlú ló lè sọ fún yín ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ yà.

Ó ku àwọn tí ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ẹ kọ orúkọ gbogbo èrò, nọ́ńbà ọkọ̀, nọ́ńbà fóònù awakọ̀ méjèèjì, àti ìlú tí ẹ máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan, sínú ìwé kan. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ẹnì kan ní Òde Màhìn. Ẹ máa pè é lọ́sàn-án, ẹ máa pè é ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹ bá ti dúró. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí kò gbọ́ ohùn yín, kó mọ ẹni tó máa ké sí. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni 122, ti pàjáwìrì gbogbogbòò sì ni 112. Kí ẹ̀yin náà tẹ̀ wọ́n sórí fóònù yín lálẹ́ yìí.

Ohun tó kẹ́yìn nínú ètò àbọ̀ ni ìròyìn. Ẹ dá ọjọ́ ìpàdé kí ẹ tó lọ, ọjọ́ tí ẹ ó pe àwọn apẹja, àwọn olóyè àti àwọn ìyálọ́jà jọ, láti sọ ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́ fún wọn. Bí àwòrán ọdún ẹja bá dé orí fóònù yín nìkan tó sì dúró síbẹ̀, a kàn ṣe fàájì ni. Bí ẹ bá lè dìde níwájú ìlú kí ẹ sọ bí odò kan ṣe ń di títì àti bó ṣe ń di ṣíṣí, kí ìlú sì jókòó lé e bóyá a lè ya apá kan sọ́tọ̀ nínú omi tiwa náà fún oṣù díẹ̀ lọ́dún, a jẹ́ pé gbogbo Ìlàjẹ ló lọ sí Argungu.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Lálẹ́ òní, ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò ìrìn yìí, ẹ mú ìwé kan. Ní ìlà àkọ́kọ́, ẹ kọ ọjọ́ ìpàdé ìròyìn. Ní ìlà kejì, ọjọ́ tí ẹ máa wọ Òde Màhìn padà. Ní ìlà kẹta, orúkọ ẹni tó ní àṣẹ láti dá ọkọ̀ padà ní Ìlọrin. Ní ìlà kẹrin, orúkọ ìyá tó máa di owó àbọ̀ mú. Ìgbà tí ìlà mẹ́rin yìí bá kún ni kí ẹ tó lọ bá onímọ́tò sọ̀rọ̀.